Jáàsì Kì í Ṣe Orin Ijó

Tìrìmísíyù a máa sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́, àti fún ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ pẹ̀lú, pé láti Yábàá títí dé Múṣin, kò sí ọmọ tí ìyá bí tó mọ jáàsì tó òun. Ó ní àwọn kan mọ orúkọ àwọn tó ń fọn fèrè, àwọn mìíràn mọ ọdún tí rẹ́kọ́ọ̀dù jáde, ṣùgbọ́n òun nìkan ló mọ ohun tó wà nínú orin náà, inú lọ́hùn-ún, níbi tí ẹ̀mí olórin forí pamọ́ sí. Ó ní bí òun bá ti gbé abẹ́rẹ́ lé rẹ́kọ́ọ̀dù báyìí, òun á ti mọ ọdún tí ìyàwó olórin náà kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì kan lọ́dún 1988 ló sọ èyí kẹ́yìn. Ó sọ ọ́, ó gbáyà, ó tún un sọ. Ẹ jẹ́ kó gbádùn ẹnu rẹ̀ ná. Kí ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e tó ṣú, yóò ti máa wá ibi tí yóò fojú sá sí.

Nítòsí Ojúẹlẹ́gba, ní Súrùlérè, ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gba orin láti ara rẹ́kọ́ọ̀dù sínú kásẹ́ẹ̀tì fún àwọn oníbàárà. Ẹ̀rọ méjì ló fi ń ṣe é. Èyí tó dára nínú méjèèjì ló fi ń gba fújì àti jùjú, nítorí ẹni tó bá fi ohùn onífújì ṣeré ní Súrùlérè, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n á ti wá ká a mọ́lé. Èkejì ló yà sọ́tọ̀ fún jáàsì. Bẹ́líìtì tó ń yí ẹ̀rọ kejì yìí ti já ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Tìrìmísíyù wá òmíràn títí, kò rí, ló bá yà sọ́dọ̀ Àǹtí Rosaline, aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kángun sí tirẹ̀, ó tọrọ rọ́bà tí wọ́n ń fi sí ìbàdí síkẹ́ẹ̀tì. Ó gé e, ó so ó, ó gbé e wọ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ yí. Ó ní Ọlọ́run tóbi.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni òyìnbó kan tó ń kó kúrò ní Àpápá ta ogójì rẹ́kọ́ọ̀dù jáàsì fún un. Tìrìmísíyù ò gbọ́ jáàsì rí láyé rẹ̀. Orí rọ́bà síkẹ́ẹ̀tì ló ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ohun tó gbọ́ gbá a lọ́kàn mú. Orin náà ń wọ́ bọ̀ bí ẹni tó ń ti ibi ìsìnkú dé. Fèrè ń kérora. Jìtá ńlá ń mí kanlẹ̀. Ìlù ń ṣe bí ẹni pé ó ń ronú kó tó dún. Tìrìmísíyù, tó jẹ́ pé ariwo ló fi ń jẹun, jókòó pẹ̀sẹ̀, ó fọwọ́ lérán, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀. Ọjọ́ náà ló di wòlíì. Ó gbé òfin kalẹ̀ pé jáàsì kì í ṣe orin ijó; ẹni tó bá jó sí jáàsì, bí ẹni jó sí àdúrà òkú ni. Fìlà á kúrò lórí, ojú á wà ní dídì, ọwọ́ á wà lérán.

Ó sì ní ọmọlẹ́yìn. Kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni Àǹtí Rosaline fi ń sunkún ọkọ tó lọ sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù tí kò kọ̀wé mọ́. Gbogbo ọ̀sán Sátidé ló ń sun ún, ó ní ó ń fọ inú òun mọ́. Yẹ̀kínnì, tó ń lu ara mọ́tò tó ti tẹ̀ wọnú jáde ní Pápá Àjàó, tí ìró òòlù kì í kúrò létí rẹ̀ láti àárọ̀, kò lè sùn mọ́ àfi bí jáàsì bá ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Tìrìmísíyù rò pé ẹlẹ́rìí méjì tó láti fi dá ìjọ sílẹ̀.

Bó ṣe wà nìyẹn tí Bàbá Ọládipúpọ̀ fi wọlé lọ́jọ́ Ẹtì tí à ń wí. Ọmọ Iléṣà ni bàbá yìí, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi wa ọkọ̀ ojú irin kó tó fẹ̀yìn tì. Èbúté Mẹ́ta ló ń gbé, òun sì ni alága kílọ́ọ̀bù kan níbẹ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì rélùwéè ti ń pàdé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú láti gbọ́ orin. Ó ní rẹ́kọ́ọ̀dù òun kún àpótí mẹ́ta, háílàìfù, sákárà àti orin ìjọ, pé òun ti kan àpótí kẹrin, wọ́n sì sọ fún òun pé jáàsì ló yẹ kó wọ ibẹ̀. Ṣé Tìrìmísíyù lè bá òun yan èyí tí òun á fi bẹ̀rẹ̀? Ó tún wá sọ ọ́ bí ẹni tí kò sọ nǹkan kan, pé kílọ́ọ̀bù ń wá ẹni tí yóò máa di máìkì mú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti ṣàlàyé orin fún àwọn èèyàn.

Nígbà tí Tìrìmísíyù gbọ́ máìkì, kò gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́. Ó ti tó ọdún méjìlá tó ti ń ṣàlàyé orin fún ẹni tó kọ ẹ̀yìn sí i, ẹni tó ń wá ṣéńjì lápò, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà níta. Gbọ̀ngán tí àwọn èèyàn ti jókòó, tí eékún ò sì ní jẹ́ kí wọ́n tètè dìde lọ, ohun tó ti ń fi ojoojúmọ́ tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run nìyẹn. Ó fẹ́ máìkì náà bí aboyún ṣe ń fẹ́ ohun kíkan.

Ló bá tú àpótí. Ó ní kí Bàbá bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tí ọkùnrin kan dé fìlà bojú lára páálí rẹ̀. Ọkùnrin náà ń ṣọ̀fọ̀ ìyá rẹ̀ ni, ẹkún gidi ló wà nínú fèrè yẹn. Kó wá fi èyí tí wọ́n ya afárá àti òjò sí tẹ̀ lé e. Ti ẹni tí ilé jó mọ́ lórí ni, kò sì rí ẹni bá a pa iná. Ẹ̀kẹta, dùùrù ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ó ní orí ibùsùn àìsàn ni ẹni tó tẹ̀ ẹ́ wà, ìdí nìyẹn tí ìka rẹ̀ fi ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó kìlọ̀ pé kí Bàbá má tíì fọwọ́ kan àwọn tí onífèrè mẹ́fà mẹ́fà wà nínú wọn, nítorí ọmọ tó ń kọ́ ata jíjẹ kì í bẹ̀rẹ̀ látorí rodo. Ta ló sọ gbogbo èyí fún Tìrìmísíyù? Kò sẹ́nì kan. Etí rẹ̀ ló ń sọ ọ́ fún un, òun náà sì ń fi tirẹ̀ kún un.

Bàbá ra rẹ́kọ́ọ̀dù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ní òun á gbé wọn wá sí kílọ́ọ̀bù ní ọjọ́ Àìkú, kí Tìrìmísíyù wá bá àwọn sọ̀rọ̀ lé wọn lórí. Bí inú àwọn ará kílọ́ọ̀bù bá dùn, máìkì di tirẹ̀.

Tìrìmísíyù dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Bàbá,” ó ní, “bí jáàsì yìí ò bá pa àwọn àgbà yẹn lẹ́kún, ẹ má jẹ́ kí n sún mọ́ máìkì mọ́ títí láé.”

Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, ó yá kóòtù Yẹ̀kínnì wọ̀. Yẹ̀kínnì sanra, òun gbẹ, ló bá rí bí ọ̀pá tí wọ́n sá aṣọ lé. Yẹ̀kínnì fúnra rẹ̀ tẹ̀ lé e, Àǹtí Rosaline náà tẹ̀ lé e pẹ̀lú áńkáṣíìfù tó ti lọ̀. Ẹlẹ́rìí ni wọ́n bá a lọ ṣe. Àwọn àgbà bí ogún ló wà níjòókòó. Wọ́n fún un ní máìkì, ó sì fi ogún ìṣẹ́jú sọ̀rọ̀ lórí ikú ìyá, lórí ilé tó jóná, lórí ìbànújẹ́ ọmọ aráyé. Ó ní kí wọ́n ṣí fìlà, wọ́n ṣí i. Ó ní kí wọ́n dijú kí wọ́n fọwọ́ lérán, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní kí ẹkún má ti ẹnikẹ́ni lójú. Inú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló ti gbé abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ kílọ́ọ̀bù lé rẹ́kọ́ọ̀dù àkọ́kọ́.

Orin náà fò jáde bí ewúrẹ́ tí wọ́n da omi gbígbóná lé.

Fèrè ń ta kìtì, ìlù ń gbá tẹ̀ lé e, jìtá ńlá ń sáré lẹ́yìn wọn bí ẹni tí mọ́tò fẹ́ já sílẹ̀. Tìrìmísíyù dúró, máìkì lẹ́nu. Ojú àwọn àgbà ṣì wà ní dídì, àmọ́ èjìká ti ń mì. Ìyá kan ní ìlà kejì la ojú kan.

“Bó bá jẹ́ báyìí ló ṣe ń ṣọ̀fọ̀ ìyá rẹ̀,” ló wí, “a jẹ́ pé òun ló pa á.”

Tìrìmísíyù já abẹ́rẹ́ kúrò, ó ní ẹ̀yìn rẹ́kọ́ọ̀dù ni òun ṣì gbé. Ó fi èkejì sí i. Ẹni tí ilé jó mọ́ lórí ń yọ̀ débi pé kò sí àní-àní pé òun fúnra rẹ̀ ló ṣáná sí i. Ó fi ẹ̀kẹta sí i. Ìka aláìsàn náà ń sáré lórí dùùrù bí eku lórí àjà. Nígbà yẹn, bàbá kan tó fi ọ̀pá rìn wọlé ti gbé ọ̀pá rẹ̀ ti ògiri, ó ń jó.

Ẹni tó gbọ́n ì bá ti bẹ̀bẹ̀. Tìrìmísíyù gbé máìkì sún mọ́ ẹnu, ó sọ fún wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ẹ̀rọ wọn ló bàjẹ́, pé ó ń sáré ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ ò rí i pé kò sí ibi tó burú láti sọ irú ọ̀rọ̀ yìí láyé ju àárín àwọn tó fi gbogbo ayé wọn ṣiṣẹ́ rélùwéè lọ. Bàbá Ọládipúpọ̀ dìde, ó yọ aago oníṣéènì lápò wẹ́síkóòtù. Ó já bébà díẹ̀, ó fi itọ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí rẹ́kọ́ọ̀dù, ó ní kí gbogbo ilé máa ka iye ìgbà tí bébà bá kọjá níwájú òun. Wọ́n kà á, ogún àgbà pa ohùn pọ̀ bí ọmọ iléèwé, títí ìṣẹ́jú kan fi pé. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni, ó sì lé díẹ̀. Bàbá tọ́ka sí ojú rẹ́kọ́ọ̀dù níbi tí wọ́n kọ iye kan náà sí.

“Ẹ̀rọ wa ò sáré, ọmọ mi,” ó ní. “Ó wọlé lákòókò.”

Ẹ̀yìn gbọ̀ngán ni ohùn Àǹtí Rosaline ti wá, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bèèrè abẹ́rẹ́ tó sọ nù. “Tìrì, rọ́bà síkẹ́ẹ̀tì mi ọjọ́sí ńkọ́? Ṣé ó ṣì wà lára ẹ̀rọ ẹ?”

Ká ní ilẹ̀ lanu, Tìrìmísíyù ì bá bẹ́ sínú rẹ̀ tòun ti kóòtù Yẹ̀kínnì. Ilẹ̀ ò lanu. Máìkì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì mọ̀ pé ọjọ́ ìkẹyìn tí òun á dì í mú nìyí, ló bá sọ òótọ́ sínú rẹ̀. Ó sọ bó ṣe so rọ́bà, tí rọ́bà ń fà, tí ẹ̀rọ òun fi ń wọ́ rìn. Ó sọ pé ẹkún tí òun ń gbọ́ nínú fèrè láti ọdún mẹ́rin, ìbàdí síkẹ́ẹ̀tì ló ń sun ún. Ó ní òun ti pa ìyá ọkùnrin onífìlà, òun ti jó ilé onílé, òun ti gbé alára líle dùbúlẹ̀ àìsàn, gbogbo rẹ̀ láìkúrò ní Ojúẹlẹ́gba. Ó ní bí òun bá jẹ́ oníbàárà òun, òun ì bá ti gbá ara òun létí. Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n ń nu ojú. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wé okùn máìkì jọ láti dá a padà.

Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ́ sílẹ̀.

Àǹtí Rosaline ló dá a sílẹ̀. Ó ní ṣé kí òun wá gbà pé ọdún mẹ́rin ni òun ti ń fi orin fàájì sunkún ọkọ? Kò bínú tán tó tún fi yí i padà, ó ní orin tòótọ́ yìí ò wúlò fún òun, kò sẹ́ni tó lè fi í sunkún, kí Tìrìmísíyù má dán an wò kó yọ rọ́bà òun. Yẹ̀kínnì ní bí rọ́bà yẹn bá kúrò lára ẹ̀rọ, òun á mú òòlù wá sí Súrùlérè, nítorí òun ní láti sùn. Bàbá tó gbé ọ̀pá ti ògiri ní kí ẹnikẹ́ni má fa orin sẹ́yìn, pé òun ò tíì jó báyìí láti ọjọ́ tí òun ti fẹ̀yìn tì. Ìyá ìlà kejì ní onírọ́bà ló dára fún orúnkún àgbà, pé ẹni tó bá fẹ́ sáré kó lọ sí pápá ìṣeré. Àwọn kan ní oníwọ́ọ́rọ́wọ́ ló ní ìjìnlẹ̀. Àwọn kan ní ìjìnlẹ̀ ìbàdí síkẹ́ẹ̀tì wo? Ogún àgbà là sí méjì, wọ́n ń nàka síra wọn lójú lórí jáàsì tí wọn ò gbọ́ rí ṣáájú ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Nígbà tí ẹnu wọn ò kò, wọ́n kọjú sí Bàbá Ọládipúpọ̀. Òun ni alága. Òun ló ni rẹ́kọ́ọ̀dù, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti wà láti ọjọ́ Ẹtì. Kó sọ èyí tó wọ òun lára jù, oníkíá ni àbí onírọ́bà, kó sì sọ bóyá Tìrìmísíyù yóò di máìkì mú tàbí kò ní dì í mú. Okùn máìkì ṣì wà lọ́wọ́ Tìrìmísíyù. Ó sún mọ́ bàbá, ó tẹrí ba.

Bàbá Ọládipúpọ̀ dá aago rẹ̀ padà sínú àpò.

“Ẹ fún un ní máìkì, ó mọ ọ̀rọ̀ sọ,” ó ní. “Orin tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ fi sí i. Ẹ́ńjìnnì ti ba etí mi jẹ́ tipẹ́. Ọ̀rọ̀ ni mo ń gbọ́ bí èèyàn bá sún mọ́ mi, mi ò gbọ́ orin. Àwòrán ara páálí ni mo ń rà.”