Ìbéèrè Làmídì Lábẹ́ Òdòdó

“Mo lá àlá kan lọ́sàn-án gangan, orí tábìlì yìí náà ni mo sì sùn sí.”

Báyìí ni Olùkọ́ Fẹ́hìntọ́lá ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà fún àwa tá a jọ ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Ìlárá, tá a jókòó yí i ká. Bó ṣe sọ ọ́ ni èmi náà ṣe máa sọ ọ́.

Kí àlá náà tó yé yín, ẹ ní láti mọ ohun tó gbé sọ́kàn sùn. Fẹ́hìntọ́lá ló dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lórí fóònù, ó pè é ní Ẹgbẹ́ Olùkọ́ Òde-Òní. Èrò rẹ̀ ni pé kí àwọn olùkọ́ níbi gbogbo máa kọ́ ara wọn bí wọ́n ṣe lè fi fóònù àti kọ̀ǹpútà kọ́ ọmọ. Àwọn èèyàn ya wọlé bí omi. Nígbà tí wọ́n wọlé tán, kíkí ni wọ́n ń kí ara wọn. Ọ̀gbẹ́ni Ọládìtí, ọ̀gá kan ní ọ́fíìsì ètò-ẹ̀kọ́, sọ ara rẹ̀ di Alága. Ó yan akọ̀wé, ó yan igbákejì, ó tún yan igbákejì fún igbákejì.

Làmídì, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ní abúlé kan lẹ́yìn odò, ló wá béèrè ìbéèrè gidi lọ́jọ́ àlá yìí. Ó ní fóònù kan ṣoṣo lòun ní, àwọn ọmọ kíláàsì òun sì pọ̀ bí eéṣú. Báwo lòun ṣe lè fi kọ́ wọn bí ọkàn èèyàn ṣe ń lù? Ìkíni bo ìbéèrè náà mọ́lẹ̀. Fẹ́hìntọ́lá ní òun á dáhùn bóun bá jẹun tán. Ó jẹun tán, oorun gbé e lọ.

Ó bá ara rẹ̀ ní pápá ilé-ẹ̀kọ́. Ọ́fíìsì Alága ń léfòó lókè òrùlé. Wáyà tí wọ́n fi ń gbaná sí fóònù ni wọ́n fi so ó mọ́ òpó gọ́ọ̀lù, kó má bàa bá atẹ́gùn lọ. Kò yà á lẹ́nu. Ohun tó kàn rò ni pé ẹni tó so ó gbọ́n. Ó gun wáyà náà lọ sókè, ó kan ilẹ̀kùn.

“Pásíwọ́ọ̀dù yín ńkọ́?” ni ilẹ̀kùn bi í.

“Àbẹ̀jẹ́. Orúkọ ìyá mi ni.”

“Kò lágbára tó.”

“Àbẹ̀jẹ́ tó ru igi ìdáná láti oko wálé nígbà tí oyún ti wọ oṣù rẹ̀, òun ni kò lágbára tó?”

“Ẹ fi lẹ́tà ńlá kan àti nọ́ńbà kan kún un.”

Fẹ́hìntọ́lá kò bá a jà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki ìyá rẹ̀ láti orílẹ̀ rẹ̀ wá. Nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀, ilẹ̀kùn ti ń sunkún. Ó ṣí.

Alága àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ jókòó sínú ilé, wọ́n ń jiyàn lórí àwọ̀ tí àmì ẹgbẹ́ máa ní.

“Ẹ̀yin ọ̀gá mi, Làmídì béèrè ìbéèrè kan,” ni Fẹ́hìntọ́lá wí.

“Ó mà dára o,” ni Alága dáhùn. “A ó gbé ìgbìmọ̀ kan dìde tí yóò bá a yọ̀ pé ó béèrè. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kí ara wa ná.”

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kí ara wọn. Bí ẹnì kan bá ti lanu, òdòdó pupa ló ń jáde, irú èyí tí wọ́n ń kọ “Ẹ kú àárọ̀, ọ̀tá kò ní rí yín gbé ṣe” sí lára, tí wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ lórí fóònù. Òdòdó mù wọ́n dé orúnkún. Nítorí pé ìpàdé náà ti pẹ́, ebi ti ń pa wọ́n, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ òdòdó. Irùngbọ̀n hù lágbọ̀n wọn. Ìwo yọ. Alága di òbúkọ, akọ̀wé di ewúrẹ́, táì sì wà lọ́rùn wọn síbẹ̀. Fẹ́hìntọ́lá wò wọ́n dáadáa, ó rí i pé ìsinsìnyí ni táì ọ̀hún wá yẹ wọ́n.

“Gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń sọ,” ni òbúkọ wí, ó ń jẹ àpọ̀jẹ, “àwọ̀ ewé ni ká mú. Ó máa ń dùn lẹ́nu.”

“Àmíìn,” ni gbogbo agbo ké.

Bí wọ́n ṣe ké e ni ilẹ̀ ọ́fíìsì di odò. Làmídì wa ọkọ̀ kékeré wọlé. Ó fi aṣọ wé fóònù rẹ̀ bí ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ tò sẹ́yìn rẹ̀ nínú omi, wọ́n gbọ́wọ́ lé àyà, wọ́n ń retí. Fóònù ń wúkọ́.

“Màmá, bátìrì mi ti ń tán lọ,” ni fóònù wí jẹ́ẹ́jẹ́. “Ẹ bá mi dá wọn lóhùn kí n tó kú.”

Fẹ́hìntọ́lá mọ ìdáhùn náà, ó ti dé ẹnu rẹ̀. Ó lanu, òdòdó kan ló já bọ́ sómi: “Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi.” Ó tún lanu, òmíràn bọ́. Ó fọwọ́ kan àgbọ̀n rẹ̀, irun ti ń hù níbẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù ṣẹ̀ṣẹ̀ bà á. Ó ní ohun tó dun òun jù ni pé àwọn ọmọ náà kò bínú. Ńṣe ni wọ́n tẹrí ba fún òun bí wọ́n ṣe ń tẹrí ba fún Alága.

Tinúadé tó ń kọ́ni ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fọwọ́ kàn án.

“Àǹtí, ẹ dìde. Fóònù yín ń gbọ̀n, ó ti fẹ́ já bọ́ lórí tábìlì.”

Fẹ́hìntọ́lá kọ́kọ́ fọwọ́ pa àgbọ̀n rẹ̀. Ó dán. Ó wá ṣí fóònù. Òdòdó pupa, ife tíì, òdòdó pupa, ẹyẹlé tó gbé àdúrà sẹ́nu. Ó fi ìka wọ́ gbogbo wọn kọjá títí ó fi kan ìbéèrè Làmídì. Ó kọ èsì sábẹ́ rẹ̀ láìkí ẹnì kankan:

“Ẹ wá ibi tí kò sí ariwo, kí ẹ fi fóònù yín lé ọmọ kan láyà, kí ẹ gba bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù sílẹ̀. Ẹ wá ki fóònù náà bọ inú korobá òfìfo, kí ẹ jẹ́ kó máa ké. Gbogbo kíláàsì á gbọ́ ọ. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi ìka tẹ ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀ níbi tó ti ń lù, kó wò ó bóyá tirẹ̀ àti ti inú korobá dọ́gba.”

“Àmín,” ni Alága kọ. “Àmín, ìyá wa,” ni igbákejì kọ. Akọ̀wé fi òdòdó sí i.

Lẹ́yìn náà ni Làmídì kọ̀wé: “Àǹtí, korobá tá a ní ti lu nídìí. Ṣé kò burú?”

“Kò burú. Ohùn kì í ṣe omi.”

Alága ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má da ètò rú, ọ̀rọ̀ àwọ̀ àmì ẹgbẹ́ kò tíì yanjú. Obìnrin kan tí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó wà nínú ẹgbẹ́ rárá wá kọ ọ́ sábẹ́ tirẹ̀ pé àwọn kò ní korobá, ìkòkò ńkọ́?

Fẹ́hìntọ́lá ń tẹ èsì lọ́wọ́ nígbà tí Làmídì ti ṣáájú rẹ̀ dáhùn: “Ẹ fún mi láyè díẹ̀, Màmá, ẹ jẹ́ n lọ yá ìkòkò, kí n dán an wò fún yín.”