Rọ́bà Tó Mọ́ Gaara

“Ẹ̀gbọ́n, omi ni wọ́n ṣe eléyìí fún, wọn ò ṣe é fún bẹntiróòlù.” Vincent mẹkáníìkì gbé rọ́bà oníhò tó mọ́ gaara, èyí tí bẹntiróòlù á máa gbà dé ẹ́ńjìnnì, sókè. “Bẹntiróòlù á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí n lọ sí Òrè lọ́la, kí n ra dúdú tó nípọn yẹn wá.”

Rùfáì ò fẹ́ gbọ́ ti ọ̀la. Kẹ́ẹ̀gì epo pupa ti kún ẹ̀yìn Píjò tó jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, àwọn oníbàárà sì ń retí rẹ̀ ní Ìlútítun. Mọ̀dínátù ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú Ridwanat ọmọ wọn ti jókòó síwájú ọkọ̀.

“Fi sí i bẹ́ẹ̀,” ni Rùfáì wí. “Ìlútítun ò jìnnà. Tí mo bá padà dé, a ó pààrọ̀ rẹ̀.”

Vincent wo ọmọ tó wà lórí itan ìyá rẹ̀, ó tún wo Rùfáì. Ó gé rọ́bà, ó sì dè é.

Wọn ò tíì jìnnà sí Òkìtìpupa tí Mọ̀dínátù fi gbọ́ òórùn.

“Bàbá Ridwanat, bẹntiróòlù ń rùn.”

“Bí ọkọ̀ àtijọ́ ṣe ń rùn nìyẹn. Ṣí fèrèsé.”

“Ó ti ṣí tipẹ́.”

Rùfáì náà ń gbọ́ ọ. Ó ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé kí àwọn ṣáà dé abúlé tó wà níwájú. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Láìpẹ́, ẹ́ńjìnnì náà ń wúkọ́, Rùfáì sì yà sí ẹ̀bá ọ̀nà.

Nígbà tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, rọ́bà náà ti wú, ó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó rọ̀ bí òrí tí oòrùn pa. Bẹntiróòlù ń kán sórí irin gbígbóná, ó ń gbẹ kó tó ṣàn.

“Sọ̀ kalẹ̀,” ó rọra wí. “Má mú nǹkan kan. Ọmọ nìkan ni kó o gbé.”

Ohùn jẹ́jẹ́ yẹn ló já Mọ̀dínátù láyà. Wọ́n rìn títí dé abẹ́ àwọn ọ̀pẹ, kí Rùfáì tó rántí epo rẹ̀, tó fẹ́ yí padà. Ìyàwó rẹ̀ di ẹ̀wù rẹ̀ mú.

“Tó o bá kú síbẹ̀, ṣé kí n sọ fún ọmọ yìí pé kẹ́ẹ̀gì ni bàbá rẹ̀ lọ kó?”

Rùfáì dúró. Wọ́n gbọ́ ìró kan, ó dà bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ná pa. Iná yọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kò kánjú. Nígbà tó dé ẹ̀yìn ọkọ̀, kẹ́ẹ̀gì yọ́, epo pupa sì ń jó bó ṣe ń ṣàn lójú ọ̀dà.

Ọlọ́kadà kan dúró tì wọ́n, ó mirí.

“Àwọn mẹkáníìkì yìí á pa èèyàn. Ta ló tún un ṣe fún yín?”

Mọ̀dínátù ń wo ẹnu ọkọ rẹ̀. Rùfáì gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e mọ́ àyà.

“Ó kìlọ̀ fún mi,” ló wí. “Èmi ni mo ní kó fi sí i.”