Ìlà Ẹ̀gbẹ́ Ẹnu Wa

Inú ṣì ń bí mi, n kò sì ní ṣe bí ẹni pé ó ti rọ̀. Mo ti sọ ọ́ fún Táíwò, n ó sì tún máa sọ ọ́ títí tí etí rẹ̀ yóò fi kún, pé ojú tó lọ gún lábẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ Mabel ní Sùúrùlérè, kì í ṣe tiẹ̀ nìkan. Àwa méjèèjì la ni ín. Láti kékeré, wọn kì í ra bàtà fún ọ̀kan wa kí wọ́n má ra fún èkejì. Bí wọ́n bá ń na ọ̀kan, èkejì á ti máa sunkún kí ẹgba tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èyí nìkan ló dá lọ ṣe, tí kò sọ fún mi, èmi Kẹ́hìndé tí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Lọ́dọ̀ Oyèníran, àbúrò tó tẹ̀ lé wa, ni ìyá wa ń gbé ní Pápá Àjàó, níbi tí ọmọkùnrin yẹn ti ń tún àga onítìmùtìmù ṣe. Nígbà tí mò ń wí yìí, ní nǹkan bí ọdún 1992, iyè Màmá ti ra. Kò mọ Oyèníran tó ń fún un lóúnjẹ mọ́. Ó rò pé káfíńtà ni, á sì máa bi í nígbà tó máa parí iṣẹ́ kó lè lọ sílé rẹ̀. Ó ti gbàgbé pé òun ní ọkọ rí. Ohun kan ṣoṣo ló kù lórí Màmá, àwa ni. Bí ọ̀kan nínú wa bá dá lọ kí i, àlejò ni onítọ̀hún lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá jọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa, ojú rẹ̀ á là, á ní, “Àwọn ìbejì mi ti dé.”

À á kúnlẹ̀ síwájú ibùsùn. Á na ọwọ́ méjèèjì, á wá fi àtàńpàkò tẹ ìlà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu èmi àti Táíwò. Kì í ṣe ilà tí olóólà kọ o. Ọjọ́ orí ló fà á wálẹ̀ láti ìdí imú dé ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ó jìn, bákan náà ló sì rí lójú àwa méjèèjì. Ìyá Màmá ní irú ẹ̀. Bó bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, á dárúkọ wa, á kì wá, á béèrè bóyá a ti jẹun. Kì í pẹ́ tí ọkàn rẹ̀ á fi tún lọ. Nítorí ìwọ̀nba àkókò yẹn la ṣe ń lọ sí Pápá Àjàó ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi.

Ìlà yìí ni Táíwò lọ dí.

Ibi iṣẹ́ rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Òun ló ń jókòó síwájú ní iléeṣẹ́ adójútòfò kan ní Yaba, tó ń kí àwọn oníbàárà káàbọ̀. Wọ́n gbé máníjà tuntun dé, ọmọkùnrin tí a lè bí. Ó ń pè é ní Mama, ó sì ń sọ ọ́ sí i létí pé ojú ọ̀dọ́ tó tutù ló yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ rí. Mo mọ̀ pé ó dùn ún. Ṣé èmi náà ò ní dígí ni? Àwọn ọmọ tí mo kọ́ níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ń mú ọmọ tiwọn wá bá mi, wọ́n ń pè mí ní Ìyá Àgbà. Mo gbé e mì. Táíwò ò lè gbé tiẹ̀ mì. Ó lọ bá Mabel, obìnrin kan tó ní òun ṣe nọ́ọ̀sì ní London, tó ń fi abẹ́rẹ́ fa omi kan tí wọ́n ń pè ní sílíkóónù sójú àwọn obìnrin nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ṣerun. Wọ́n ní ó ń jẹ́ kí ojú kún, kó sì jọ̀lọ̀ bíi ti ọmọge.

Ó sá fún mi fún ìgbà díẹ̀, ó ní ibà ló ń ṣe òun. Lọ́jọ́ tó yọ sí mi lẹ́nu ọ̀nà Oyèníran, bí ẹni ń kí àlejò ni mo kọ́kọ́ kí i. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ síta bí ẹni tó ki búrẹ́dì sẹ́nu tí kò tíì gbé e mì. Ìlà náà ò sí níbẹ̀ mọ́. Ó bi mí pé ṣé ó dára. Èébú ló máa jáde bí mo bá la ẹnu, Oyèníran sì ní oníbàárà nínú ilé.

A wọlé. Màmá wò mí, ó wo Táíwò. Ojú rẹ̀ ò là. A kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ nítorí ọwọ́ yẹn ti mọ ọ̀nà. Àtàńpàkò kan rí ìlà tèmi, ó dúró síbẹ̀. Èkejì ń wá a kiri lẹ́rẹ̀kẹ́ Táíwò, ó yọ̀, ó padà, ó tún yọ̀. Màmá fa ọwọ́ yẹn sẹ́yìn. Bó ṣe fi ìlà kan ṣoṣo mọ̀ mí, n kò mọ̀. Ó rọra ní, “Kẹ́hìndé, èkejì rẹ dà?”

Táíwò ní, “Màmá, èmi rèé.”

Màmá wá mi orí sí i, ó sì dá a lóhùn bí a ṣe ń dá ìyàwó onílé lóhùn. “Ẹ ṣé o, ọ̀rẹ́ ọmọ mi. Ẹ ṣé tí ẹ sìn ín wá.”

Ìyá tó bí i ló ń fi “ẹ” bá a sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi. Nílé tiwa, a kì í sọ pé ọ̀kan nínú ìbejì kú, a máa ń ní ó wá igi lọ. Màmá ní, “Ó wá igi lọ, àbí? Má purọ́ fún mi.” Ó bú sẹ́kún. Ọmọ tó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ ló ń sunkún rẹ̀. Táíwò náà ń sunkún, ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà ò ká, omi kàn ń ṣàn kọjá lórí rẹ̀ ni.

Mo fà á jáde sí àárín àwọn àga tí Oyèníran ti tú, mo bú u. Mo ní ta ló rán an. Ó ní ṣebí òun ló máa ń kọ́kọ́ lọ, láti inú ìyá wa wá. Mo ní kó padà lọ bá Mabel kó fa nǹkan rẹ̀ jáde. Ó ti béèrè. Mabel ní èyí tó bá ti wọlé, ó ti wọlé nìyẹn.

Lọ́sẹ̀ kejì, ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀. Màmá kì í rántí pé òun ti sunkún rí, nítorí náà gbogbo ìgbà tó bá fọwọ́ kan ojú mi ni Táíwò ń kú lákọ̀tun. Mo ní kí n má lọ mọ́. Oyèníran wá bá mi nílé, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, Màmá ò jẹun mọ́. Ẹnu ọ̀nà ló ń wò ṣáá.” Táíwò wà níbẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti gbé ìmọ̀ràn rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní ṣebí ojú méjì tó bára mu ni Màmá mọ̀, ti òun ò sì ṣeé tú mọ́. Ó ní, “Tìẹ ló kù.”

Bẹ́ẹ̀ ni, mo lọ. Kì í ṣe ẹwà ni mo ń wá lọ, ẹ má bi mí. Mabel wo ojú wa, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ì bá rọrùn fún òun ká ní a jọ wá nígbà àkọ́kọ́. Ó fi Táíwò jókòó síwájú mi kó lè máa wò ó ṣe tèmi. Abẹ́rẹ́ náà ta mí bí ata. Ó ní kí n tújú ká, pé bí n kò bá tújú ká, kò ní dọ́gba. Ta ni inú ń bí tó ń tújú ká? Mo di ọwọ́ àga mú, mo tú u ká.

Nígbà tí wíwú náà lọ sílẹ̀, a bára mu, n kò lè purọ́. Oyèníran fúnra rẹ̀ dúró tó ń wò wá lẹ́nu ọ̀nà kó tó mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ kí.

A jọ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá Màmá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa. Ojú Màmá là. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi, Táíwò sì di ọwọ́ mi mú. A sáré kúnlẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì, àtàńpàkò kan lójú mi, èkejì lójú Táíwò. Wọ́n ń wá ìlà kiri. Wọ́n yọ̀, wọ́n padà, wọ́n tún yọ̀. Màmá kó ọwọ́ rẹ̀ padà sórí itan, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wa.

“Ẹ káàbọ̀ o. Ìbejì ta ni yín?”

Màmá ń wo ẹnu ọ̀nà tó wà lẹ́yìn wa.

“Èmi náà bí ìbejì,” ni ó wí. “Wọ́n ń bọ̀ láìpẹ́. Ẹ jókòó, ẹ dúró dè wọ́n.”

A jókòó.