Yàrá Kan, Kọ́kọ́rọ́ Méjì

Nígbà tí wọ́n ń kọ́ èbúté tuntun ní Kùtọnú, tí ọ̀rọ̀ òmìnira ṣì dùn lẹ́nu gbogbo èèyàn, yàrá wọ́n bí ojú. Èèyàn ń ya wọlé láti Kétu, láti Sakété, àní láti Abẹ́òkúta pàápàá, nítorí iṣẹ́ òkúta tí wọ́n ń dà sínú òkun. Dúrótoyè, ọkọ Àrínọlá, wà lára wọn. Inú àgọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ló ń sùn, ìyàwó rẹ̀ sì wà ní Kétu, tó ń retí pé kó ríbi tí àwọn yóò forí pamọ́ sí.

Nígbà tó yá, Dúrótoyè gba yàrá lọ́wọ́ Làmídì, bàbá àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sọ́jà Missèbo. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́ sílé. Àrínọlá palẹ̀ ẹrù mọ́, orin ló ń kọ lẹ́nu títí ọkọ̀ fi wọ Kùtọnú.

Àfi bó ṣe dẹ́nu ọ̀nà yàrá náà tó bá obìnrin kan níbẹ̀, tó ń gbálẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ̀yin lẹ ni ilé?"

"Rárá o, èmi ni mo gba yàrá yìí. Àìná lorúkọ mi, tíṣà ni mí."

"Yàrá wo? Èyí tí ọkọ mi gbà?"

Àrínọlá yọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Àìná náà yọ tirẹ̀. Ni ariwo bá sọ. Làmídì jáde láti yàrá apá ọ̀tún, Sàídátù ìyàwó rẹ̀ jáde láti apá òsì.

"Èmi ni mo fún Dúrótoyè ní yàrá náà," ni Bàbá wí.

Màmá kọ̀, kò wojú rẹ̀. "Ẹ bá mi sọ fún Bàbá yẹn pé mo ti fún tíṣà."

"Ẹ bá mi bi í pé ta ló ni ilé!"

"Ẹ bá mi bi wọ́n pé ta ló ra páànù tó wà lórí ẹ̀!"

Àìná sún mọ́ Àrínọlá. "Àwọn aládùúgbò ti sọ fún mi," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Ewúrẹ́ Bàbá ló jẹ gèlè Màmá. Látìgbà náà, oníkálukú wà ní yàrá tirẹ̀, wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀."

Inú tó ń bí Àrínọlá rọ̀ wọ̀ọ̀. Ẹ̀rín fẹ́ pa á, ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀.

"Ẹ̀yin òbí mi, ẹ má bínú. Yàrá mẹ́ta ló wà nílé yìí. Bí Màmá bá padà sọ́dọ̀ Bàbá, tíṣà á gba yàrá Màmá, àwa náà á wọ tiwa."

Bàbá wúkọ́.

"Sàídátù," ló wí, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀, "ibùsùn mi ṣì fẹ̀ o."

"Ṣé ewúrẹ́ yín yẹn ṣì ń wọ ibẹ̀?"

"Mo ti tà á, ó ti pẹ́."

"Ẹ ò sì sọ fún mi!"

"Ta ni ǹ bá sọ fún? Ṣé o máa ń dá mi lóhùn ni?"

Màmá fi etí ìró bojú. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé ẹkún ni, àfi bí èjìká rẹ̀ ṣe ń mì tìtì tí ẹ̀rín bú jáde. Bàbá náà bú sẹ́rìn-ín, ó ń fọwọ́ nu ojú.

Kíá ni Àìná àti Àrínọlá bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù Màmá jáde: àpótí, ìkòkò, aṣọ tí kò lópin. Àwọn aládùúgbò yọjú, wọ́n bá wọn dá sí i.

Ẹnu ibẹ̀ ni Dúrótoyè bá wọn nígbà tó ti èbúté dé, tí eruku òkúta bo orí rẹ̀ funfun. Ó rí ìyàwó rẹ̀ tó ru ẹní àti ìrọ̀rí tí kì í ṣe tiwọn.

"Àrínọlá! Ṣé wọ́n ti lé wa ni?"

"Rárá o. Ìyàwó la ń sìn lọ sílé ọkọ. Wá gbé àpótí!"