Ibi Tó Ń Rì Lójú Irin Ifọ̀

Ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù kí Mùtàlíbù fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, ni ojú irin tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ ní Ifọ̀ bá tún rì. Ibì kan náà ni, lẹ́yìn ilé ìtajà sìmẹ́ǹtì. Wọ́n ti ri bọ́ọ̀dù mọ́lẹ̀ níbẹ̀ pé kí awakọ̀ rélùwéè máa rọra, ojú sì ń ti bàbá náà gidigidi. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́: kí bọ́ọ̀dù yẹn kúrò kó tó lọ.

Ó mọ iṣẹ́ náà bí ẹni mowó. Wọn á gbé irin sókè díẹ̀, wọn á fi dígà ki òkúta mọ́ abẹ́ igi tó gbé irin dúró, títí yóò fi le gbagidi. Ọdún kọkànlá rèé tó ti ń ki ibẹ̀. Nígbà mìíràn kì í tilẹ̀ dúró kí ọ̀gá rán an. Ọ̀lẹ ló ń dúró de àṣẹ, bó ṣe máa ń wí nìyẹn.

Ìbíwùnmí, ẹnjiníà tuntun tó ń ti Mowé wá síṣẹ́, kúnlẹ̀ kí i, ó sì bẹ̀ ẹ́ kó má tíì ki í.

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbẹ́ ẹ wò, sà."

"Ká gbẹ́ ẹ? Gbígbẹ́ ẹ àti títún un ṣe á gbà wá tó ọ̀sẹ̀ méjì. Tí mo bá ki í lónìí, á dúró."

"Títí dìgbà wo, Bàbá?"

Mùtàlíbù na ọwọ́ sí dígà rẹ̀. Ó mọ̀ pé kò ní kọjá òjò mẹ́ta.

"Ẹ̀yin àgbà náà lẹ sọ pé a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá," ọmọbìnrin náà wí jẹ́jẹ́.

Inú bí i. Ó gba ṣọ́bìrì, ó gbẹ́ ẹ fúnra rẹ̀, kó lè pa ọmọ náà lẹ́nu mọ́. Kò gbẹ́ ẹ jìnnà tó fi kan ẹrẹ̀. Àwọn òkúta tó yẹ kó ní etí mímú, tó yẹ kó há mọ́ ara wọn, ti di róbótó, wọ́n ń yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ bí èkùrọ́. Lẹ́búlẹ́bú ara wọn ló dí ọ̀nà omi.

"Rélùwéè ló lọ̀ ọ́ báyìí?"

"Rélùwéè wà lára rẹ̀, sà. Dígà náà wà lára rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti ń ki í, etí àwọn òkúta náà ń kán ni."

Ó dùn ún wọra. Ó rántí gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú tó fi ìyàwó sílẹ̀ nílé wá ki ibẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an.

Àánú rẹ̀ ṣe Ìbíwùnmí. Ó ṣí ìwé rẹ̀. "Màá kọ ọ́ pé òjò ló bà á jẹ́, sà."

"Má purọ́ mọ́ òjò. Kọ ọ́ pé kíkì ti pọ̀ jù, kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ jáde, kí wọ́n da òkúta tuntun sí i."

"Bọ́ọ̀dù yẹn ńkọ́, Bàbá?"

"Jẹ́ kó dúró. Kọ orúkọ mi sínú ìwé yẹn dáadáa, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi má lọ ṣe aápọn bíi tèmi."