Delia Kò Sí Nínú Ìwé

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Bairbre ti fi ń wá ìyá ìyá rẹ̀ nínú ìwé ìkànìyàn ọdún 1911, kò rí i. Nínú ilé ìdáná ìyá rẹ̀ ní Galway, nílẹ̀ àwọn Áírìṣì, ló gbé kọ̀ǹpútà kalẹ̀ sí. Òjò ń lu fèrèsé, tíì ń tutù, ara rẹ̀ kò balẹ̀. Á jókòó, á tún dìde. Attracta ìyá rẹ̀ ti pé ọdún mẹ́rinlélọ́gọ́rin, ohun kan ṣoṣo ló sì fẹ́ mọ̀ kó tó kú: ṣé lóòótọ́ ni Delia ìyá òun, tí wọ́n tọ́ dàgbà nílé àwọn Sista ìjọ Àgùdà, kò ní ẹbí kankan? Nígbà ayé Delia, bí wọ́n bá bi í, á ní, "Èmi nìkan ni," á sì máa gbá ilẹ̀ tó ti gbá tẹ́lẹ̀.

"Màámi, kò sí Delia Mulkerrin nílé Sista kankan."

"Delia lò ń wá?"

"Kí ni kí n tún wá? Ẹ̀yin náà lẹ ní Delia lorúkọ wọn."

Attracta bú sẹ́rìn-ín. "Gbogbo ìwé tó o kà yìí! Fádà wo ló máa da omi sórí ọmọ kó pè é ní Delia? Bridget ni gbogbo Delia. Ará ilé ló ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Màámi! Ẹ ò sì sọ!"

"O ò bi mí."

Bairbre tẹ Bridget. Orúkọ àwọn ọmọbìnrin tò wálẹ̀. Bridget Mulkerrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó gbọ́ èdè Áírìṣì àti Gẹ̀ẹ́sì. Bairbre fẹ́ pariwo, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti bọ́ sórí ìlà tó tẹ̀ lé e. Honor Mulkerrin, àbúrò Bridget, ọmọ ọdún mẹ́rin, Áírìṣì nìkan.

Ó kà á sókè.

"Áírìṣì nìkan," ni Attracta wí. "Láàárín àwọn Sista tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ. Ta ló ń bá a sọ̀rọ̀?"

"Ìyá yín ni."

"Ìyá mi ò sọ Áírìṣì létí wa rí. Wọ́n ní àwọn ò gbọ́ ọ." Ó dìde, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó padà. "Ọmọ yẹn, ibo ló lọ?"

Ìwé náà kò sọ. Bairbre ti ń nawọ́ sí ibi orúkọ àwọn òkú.

"Má tíì débẹ̀!" Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ó lè ti lọ́kọ. Ibi ìgbéyàwó ni kó o kọ́kọ́ wò. Honor, Nora, Nano, orúkọ kan náà ni, gbogbo ẹ̀ ni kó o tẹ̀."

Bairbre tẹ Nora. Àwọn tó jáde lé ní ogójì. Attracta fa àga sún mọ́ ọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni àkọ́kọ́.