Ìlà Tí Obuya Ní Kí N Pa Rẹ́

Obuya, alága ìgbìmọ̀ etí adágún wa ní Kogweno, kò tiẹ̀ kí mi kó tó máa pàṣẹ. Ó nàka sí ara ògiri tí kọ̀ǹpútà mi tan ìmọ́lẹ̀ sí, ó ní, "Awuor, pa ìlà yẹn rẹ́. Àwọn èèyàn ti ń dé."

Mo ní mi ò pa á.

Ẹja Apondi, àbúrò ìyá mi, ló kú sínú àgò tó fi ń sìn wọ́n nínú adágún lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, gbogbo ẹ̀ pátá. Obuya wá ń sọ káàkiri pé oúnjẹ àpọ̀jù tí obìnrin náà ń dà sómi ló bà á jẹ́. Bí ìpàdé bá gbà á gbọ́, wọ́n á gba ìwé àṣẹ ẹ̀, ibi tó so àgò mọ́ á bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Gbogbo wa la mọ̀ pé ibẹ̀ wu àna Obuya. Ní tèmi, mo ti mú ọ̀daràn tèmi: ilé iṣẹ́ awọ tó ń da omi dúdú sí odò tó ń ṣàn wọ adágún. Ó pẹ́ tí mo ti ń bá wọn fà á.

Ètò kọ̀ǹpútà tó wà lára ògiri yẹn, èmi àti ẹgbẹ́ mi ló ń kọ ọ́, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹni tó bá wù lè mú un, kó tú inú ẹ̀ wò, kó tún un ṣe. Gbogbo ohun tó ṣeé ṣe kó fa ọ̀ràn, a ó tò ó sókè. Gbogbo ohun tí a fojú rí, a ó tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́. A kì í wá ohun tó gbè é lẹ́yìn o. Ohun tó takò ó là ń wá. Èyí tí wọ́n takò jù ló ṣubú.

Nígbà tí ìpàdé bẹ̀rẹ̀, Obuya rojọ́ dáadáa. Inú àgò Apondi lẹja kú sí. Omi ń rùn. Oúnjẹ ẹja léfòó. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni mò ń tẹ̀ ẹ́ sí i, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ fún un.

"Ṣé ó tán?" ni mo bi í.

"Kí lo tún ń wá?"

"Ká ní ilé iṣẹ́ awọ ló pa wọ́n, ṣé omi ò ní rùn? Ká ní adágún ló yí inú padà, tí omi ìsàlẹ̀ tí kò ní atẹ́gùn gòkè wá, ṣé ẹja inú àgò ò ní kú? Ṣé òkú ẹja ló máa jẹ oúnjẹ tó kù? Gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ, kò sí èyí tó takò ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ẹ kàn ń pariwo ni, Alága."

Ìlà tó ní kí n pa rẹ́ ló wá kàn: mbuta, ẹja ńlá inú ibú, tí ẹnikẹ́ni ò fún lóúnjẹ rí, òun náà kú lọ́jọ́ yẹn, ó kún èbúté. Kò sẹ́ni tó lè jiyàn, torí àwọn kan nínú ìpàdé ti sè é jẹ. Ẹ̀sùn tó fi kan Apondi ṣubú.

Làwọn èèyàn bá ní, "Ilé iṣẹ́ awọ ni." Inú mi dùn gan-an.

Apondi fúnra ẹ̀ ló dìde. "Ẹja ẹnu odò ò kú," ó ní. "Ibẹ̀ sì ni omi dúdú yẹn ń gbà wọlé. Mo débẹ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ kiri nínú omi."

Ọwọ́ mi dúró. Mo rọra ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀." Mi ò purọ́, ó dùn mí. Mo fẹ́ kí ilé iṣẹ́ awọ jẹ̀bi.

"Kọ ọ́," ó ní. "Àbí èyí tí kò bá ti wù ọ́ ni ká máa pa rẹ́?"

Ojú tì mí. Mo tẹ̀ ẹ́ sí i, ilé iṣẹ́ awọ ṣubú níṣojú mi. Ó ku adágún nìkan lórí ògiri.

Obuya ní, "Ta la wá fẹ́ gbàwé lọ́wọ́ ẹ̀ báyìí?"

"Ẹ lọ gbà á lọ́wọ́ adágún," Apondi dá a lóhùn. Ẹ̀rín pa ìpàdé, wọ́n dìbò pé kí ìwé àṣẹ ẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Inú bí Obuya. Ó ní kí n kó ẹrù mi kúrò ní yàrá ìgbìmọ̀, pé òun á wá ẹni tó máa tún ètò náà ṣe, kí alága lè máa pa ohun tó bá wù ú rẹ́.

"Ẹ mú un," mo ní. "Ọ̀fẹ́ ni mo pè é. Àdéhùn ẹ̀ ni pé ohun tẹ́ ẹ bá yí padà níbẹ̀, ẹ ó gbé e síta kí gbogbo ayé rí i. Ẹ ó kọ ọ́ lórúkọ yín pé ibi tí Alága ti ń pa ìlà rẹ́ nìyí."

Mo kó wáyà, Apondi gbé tábìlì, a bá ẹnu ọ̀nà jáde. Kò sẹ́ja kankan nínú àgò náà mọ́, ṣùgbọ́n tiẹ̀ ṣì ni. Ó ní ká lọ fọ̀ ọ́.